Omi Inú Ọkọ̀ Nùrẹ́nì Àlàrí

Omi ni iṣẹ́ Nùrẹ́nì Àlàrí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Ṣàngó-Ọ̀tà, níbi tí wọ́n ti ń kó irin àlòkù jọ, tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú iná ìléru, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé. Iná tó bá lè yọ́ irin lè yọ́ ìléru fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, bí wọn kò bá fi omi yí i ká. Nítorí náà ni páìpù omi ṣe gba ara ìléru náà kọjá. Omi á wọlé ní tútù, á jáde ní gbígbóná, á lọ sí abẹ́ fáànù ńlá kan lẹ́yìn ilé láti lọ tutù, á sì tún padà wá. Nùrẹ́nì ló ń ṣọ́ omi yìí ní àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́nu iṣẹ́ náà, omi kò sì tíì hó mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń hó.

Gọ́ọ̀fù kékeré kan ni, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ló rà á ní tọ́kúnbọ̀. Nígbà náà, mítà rẹ̀ ti ka igba ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Lónìí ó ti ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé méjìlá, Nùrẹ́nì sì máa ń sọ iye yìí fún ènìyàn bí ẹni ń sọ ọjọ́ orí bàbá rẹ̀. Ó mọ ohùn gbogbo tó ń ti ara ọkọ̀ náà jáde. Bí ẹ bá jókòó tì í, tí nǹkan kan bá dún lábẹ́, á sọ fún yín pé táyà iwájú lápá ọ̀tún ni, pé béárìǹgì rẹ̀ ṣì lè lo oṣù méjì sí i. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún ọwọ́ ilẹ̀kùn ṣe, òun ló fi wáyà tuntun rọ́pò èyí tí eku jẹ. Toyibat ìyàwó rẹ̀, tó ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọdé ní Ojú Ore, ló fi àjákù aṣọ náà rán ìbòrí ìjókòó, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọ ọkọ̀ náà á rò pé òun padà sí kíláàsì.

Láti Ìjù tí wọ́n ń gbé dé ibi iṣẹ́, ọkọ̀ náà kì í dáràn. Abẹ́rẹ́ mítà tó ń wọn ìgbóná á sùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní ìṣòro kankan. Ṣùgbọ́n bí Nùrẹ́nì bá dojú kọ ọ̀nà jíjìn, tó kọjá Ifọ̀, abẹ́rẹ́ náà á jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa dé Papalántò, èéfín á ti máa rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nítorí èyí, kẹ́ẹ̀gì omi kì í wọ́n nínú búùtù rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọkọ̀ náà ní Bútà, orúkọ kẹ́tùlù àlùwàlá.

"Àlàrí," wọ́n á ní, bí ó bá wọ ọgbà láàárọ̀, "ṣé Bútà ti ṣe àlùwàlá kó tó jáde nílé?"

"Ó ti kírun pẹ̀lú," Nùrẹ́nì á dáhùn. "Ẹ̀yin tí ẹ fẹsẹ̀ rìn ńkọ́?"

Silas, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Ìjù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti gbìyànjú gbogbo ohun tó mọ̀. Ó ti pààrọ̀ rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù omi àti ìdérí rédíétọ̀, ó sì ti tú orí ẹ́ńjìnnì láti yí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, á nu ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Ó ti parí." Papalántò ló sì máa ń dá a lóhùn. Ìgbà tí ó hó gbẹ̀yìn níbẹ̀, Nùrẹ́nì na ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ tuntun náà, ó sì yà á lẹ́nu pé ó tutù. Ẹ́ńjìnnì ń hó, ohun tó yẹ kó máa tù ú nínú sì tutù bí ìkòkò omi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò mọ ohun tó fẹ́ rò nípa rẹ̀, ó da omi sí i, ó sì yí padà sílé.

Báyìí ni nǹkan wà títí Naimat, ọmọ wọn obìnrin, fi bímọ. Naimat wá jókòó ogójì ọjọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìjù, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí ìyá Toyibat ní Ìwó. Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọmọ tuntun náà sì ni àkọ́kọ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa bí. Ó ní òun fẹ́ gbé e sọ́wọ́, kíá. Ìṣòro kan ló wà. Ní ọdún méjì ṣáájú, wọ́n fún ìyá náà mọ́ inú bọ́ọ̀sì kan láti Ìbàdàn, àgbò ẹnì kan sì gbé orí lé e lẹ́sẹ̀ títí tó fi dé Ìwó. Ọjọ́ náà ló búra pé òun kò ní wọ ọkọ̀ èrò mọ́ láyé. Bí àna òun bá fẹ́ kí òun rí ọmọ náà, kó wá gbé òun.

Toyibat sọ èyí fún ọkọ rẹ̀ bí ó ti ń jẹun lọ́wọ́.

"Màmá ní àwọn ò wọ ọkọ̀ èrò."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ó lọ gbé wọn nìyẹn."

"Màá lọ gbé wọn. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e."

"Pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mélòó?"

Nùrẹ́nì gbé òkèlè mì. "Toyibat, ọkọ̀ yẹn ti sìn wá."

"Ó ti sìn wá, mo sì ti sìn ín. Ta ló ń pọnmi sí i ní Ifọ̀? Ta ló tì í ní Papalántò pẹ̀lú bàtà gíga lẹ́sẹ̀?" Ó jókòó tì í. "Ẹ gbọ́, Bàbá Naimat, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ yẹn bá hó pẹ̀lú ìyá mi nínú rẹ̀, tí wọ́n jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹni ń ta èédú, ní Mọ́ńdè, kí ẹ wà á lọ síbi iṣẹ́ yín. Mi ò ní kí ẹ páàkì í o. Kí wọ́n yọ́ ọ."

"Kí wọ́n yọ́ Gọ́ọ̀fù mi?"

"Ẹ̀yin náà ni ẹ ó sì máa ṣọ́ omi rẹ̀."

Naimat tó ń fún ọmọ lọ́mú ní yàrá kejì rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nùrẹ́nì kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun kò ṣeré, ó sì mọ̀ pé ó ní ẹ̀tọ́. Ó fọwọ́, ó ní, "Mo gbà." Àwọn tó mọ Nùrẹ́nì mọ̀ pé kì í gba nǹkan kó tún yẹ̀ ẹ́. Ó kó sínú ìdààmú láti ìgbà náà. Lójoojúmọ́ ló ń rí i tí kọ́rénì ń gbé ọkọ̀ tó jọ tirẹ̀ sókè ní ọgbà ilé-iṣẹ́, ilẹ̀kùn á máa fì dirodiro, tí wọ́n á sì jù ú sínú òkìtì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ìrìnàjò náà, omi ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Nùrẹ́nì wo pọ́ọ̀ǹpù, ó ń ṣiṣẹ́. Ó wo fáànù, ó ń yí. Ó fọwọ́ kan omi inú adágún tó wà lábẹ́ fáànù, ó tutù nini. Síbẹ̀, omi tó ń wọ ìléru ń gbóná sí i ni. Ẹnjiníà Fọlájìmí, ọ̀gá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, sáré dé.

"Bàbá Àlàrí, omi yín ń gòkè o."

"Mo ń wò ó, Ẹnjiníà. Omi tútù wà, kò kàn dé ibẹ̀ ni."

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ páìpù, wọ́n ń fi ọwọ́ kàn án bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ògiri, wọ́n bá páìpù kúkúrú kan tó gbóná janjan, èyí tó yẹ kó wà ní títì. Àwọn tó wá ṣe àtúnṣe lánàá ti ṣí i, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ wò ó," Fọlájìmí wí. "Omi jáde lára iná, kò dé ọ̀dọ̀ fáànù rárá. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà padà sínú iná."

Nùrẹ́nì di ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń ti páìpù náà mú, ó sì yí i títí kò fi yí mọ́. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí omi fi rọlẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ẹnjiníà ti ń lọ, ṣùgbọ́n Nùrẹ́nì kò kúrò níbẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń rántí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ tó tutù.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ọ̀nà ẹ̀bùrú wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pẹ̀lú?"

Fọlájìmí yíjú padà. "Ó wà. Tẹ́mósítáàtì ló ń tì í nínú irú ọkọ̀ tiyín yẹn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ó máa jẹ́ kí omi gba ẹ̀bùrú, kó lè tètè móoru. Tó bá ti móoru tó, á ti ẹ̀bùrú, á wá ṣí ọ̀nà rédíétọ̀."

"Tí kò bá sí tẹ́mósítáàtì níbẹ̀ ńkọ́?"

Fọlájìmí wò ó, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀bùrú á wà ní ṣíṣí nìyẹn, bíi ti páìpù yìí. Bàbá Àlàrí, ta ló yọ tiyín?"

Nùrẹ́nì mọ ẹni tó yọ ọ́. Sátidé àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà dé Ìjù, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ni Silas ti yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún gbogbo ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, kí wọ́n tó sọ ohun tó ń ṣe é fún un pàápàá. Lára ògiri páànù ìsọ̀ rẹ̀, wáyà gígùn kan wà tó fi sín àwọn tẹ́mósítáàtì tó ti yọ bí ẹni sín ẹja. Wọ́n jẹ́ ohun roboto kékeré, tí kò ju ìdérí ìgò lọ, pẹ̀lú sípíríǹgì láàárín. Wọ́n lé lógójì. Ó máa ń fi wọ́n han oníbàárà tuntun.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí Nùrẹ́nì ti kúrò níbi iṣẹ́, ìsọ̀ Silas ló gbà lọ. Ẹsẹ̀ Silas nìkan ló rí lábẹ́ ọkọ̀ kan.

"Silas, mo fẹ́ kí o dá tẹ́mósítáàtì padà sínú ọkọ̀ mi."

Ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Omi ló rán mi."

Silas fa ara rẹ̀ jáde. "Àlàrí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń yọ nǹkan yìí. Ọ̀gá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń yọ ọ́. Ọ̀gá ọ̀gá mi ń yọ ọ́. Ilẹ̀ wa gbóná. Òyìnbó ló nílò rẹ̀, nítorí yìnyín. Ṣé o ti rí yìnyín ní Ìjù rí?"

"Mi ò rí yìnyín. Papalántò ni mo ń rí. Wọ́n ti mọ̀ mí lórúkọ níbẹ̀."

"Nǹkan tó ń dá omi dúró lo fẹ́ kí n fi sínú ọkọ̀ tó ń hó?"

Nùrẹ́nì kò jà. Ó mú sípánà kan nílẹ̀, ó lóṣòó, ó sì ya gbogbo rẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀: ẹ́ńjìnnì nìyí, rédíétọ̀ nìyí, ọ̀nà gígùn nìyí, ẹ̀bùrú nìyí. Ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Silas náà lóṣòó. Ó wo àwòrán náà pẹ́, ó fi ìka tọ ọ̀nà ẹ̀bùrú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà ó dìde, ó já tẹ́mósítáàtì kan lára wáyà, ó sì rìn lọ sọ́dọ̀ onítíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ náà.

"Fún mi ní omi gbígbóná nínú agolo yẹn."

"Ṣé kí n fi mílíìkì sí i?" onítíì béèrè.

Silas gba agolo náà. Ó sọ irin náà sínú omi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tẹ̀ bá a. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹnu rẹ̀ là.

"Ó ń yán," onítíì wí.

Silas fi wáyà gbé e jáde, ó gbé e sínú omi tútù. Ó pa ẹnu dé. Ó tún gbé e padà sínú gbígbóná, ó tún là. Ó ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Mo ti yọ ohun tó lé lógójì," ó sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mi ò dúró wò ó rí, kí n mọ iṣẹ́ tó ń ṣe."

Nùrẹ́nì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Silas gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì, ó sì padà di Silas. "Ra tuntun wá ní Ṣàngó lọ́la. Èyí ti gbó. Ṣùgbọ́n tó bá hó, Àlàrí, mi ò mọ̀ ọ́ rí, mi ò mọ ọkọ̀ náà rí."

"Tó bá hó, kò ní sí ọkọ̀ tí wàá mọ̀."

Ní Sátidé, Silas fi í sí i, ó sì di gbogbo bóòtù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, Nùrẹ́nì gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan sínú búùtù. Toyibat gbé mẹ́rin tì í, ó sì jókòó síwájú, ó dojú kọ mítà.

Wọn kò tíì dé Tóògéètì tí abẹ́rẹ́ tó máa ń sùn sílẹ̀ fi dìde dúró ní àárín gbùngbùn.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," Toyibat wí. "Kódà, kò dúró de Ifọ̀ lónìí."

Nùrẹ́nì náà kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Fọlájìmí ti sọ fún un pé àárín ni ipò rẹ̀, ó sì ń wà á lọ. Ifọ̀ kọjá. Abẹ́rẹ́ wà ní àárín. Papalántò yọ níwájú, pẹ̀lú àwọn tírélà rẹ̀ àti eruku rẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn wọn. Ọkùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ní ẹ̀bá ọ̀nà na ọwọ́ kí Nùrẹ́nì bí oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, ó sì ń wò ó tìyanutìyanu bí ọkọ̀ náà ti kọjá láìdúró. Abẹ́òkúta. Òdẹ̀dá. Nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn, Toyibat ti gbé ojú kúrò lára mítà, ó ń sọ ìtàn àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n kọjá Lálúpọn, wọ́n sì wọ Ìwó kí oòrùn tó mú.

Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó bojú wo inú rẹ̀.

"Kò sí àgbò níbẹ̀?"

"Kò sí o, Màmá," Nùrẹ́nì dáhùn, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Ìyá wọlé sẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ìjókòó, ó sì sùn títí wọ́n fi padà dé Ifọ̀.

Tóògéètì ni ìdánwò wà. Ọjà ti kún dé ojú títì, ọkọ̀ ti so kọ́ ara wọn, oòrùn ọ̀sán sì dúró sí ọ̀gangan orí. Gọ́ọ̀fù náà kò lè lọ síwájú, kò lè lọ sẹ́yìn. Ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ kúrò ní àárín, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Toyibat rí i. Nùrẹ́nì rí i pé ó rí i. Abẹ́rẹ́ náà rìn dé ibi tó máa ń wà kí èéfín tó yọ, òógùn sì bo iwájú orí Nùrẹ́nì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá pa á, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Bí kò bá pa á, tó sì hó, ìyá wà lẹ́yìn.

"Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?" Ìyá tó ti jí béèrè.

"Kò sí nǹkan, Màmá," Toyibat dáhùn. Ó na ọwọ́, ó gbé e lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó wà lára kọ́kọ́rọ́. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀."

Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nǹkan kan ta kìjí. Fáànù tó ń fẹ́ rédíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà nínú ìnira, rédíétọ̀ kì í gbóná tó láti jí i, nítorí omi gbígbóná kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà dúró, ó gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi padà dé àárín. Toyibat bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá orúnkún. Nùrẹ́nì kọ́kọ́ ń wo iwájú bí ọkùnrin tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni á rí, kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n sọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín fún òun, wọ́n sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò yé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ọmọ tuntun ti sùn sí àyà ìyá àgbà, Toyibat wá bá ọkọ rẹ̀ níta, níbi tó ti ń nu gíláàsì ọkọ̀.

"Ó ti bọ́ lọ́wọ́ iná," ó wí. "Mo gbà."

"Mo dúpẹ́."

"Ṣùgbọ́n Màmá ní àwọn á máa wá báyìí, lóṣooṣù, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ gidi ti wà. Ẹ̀yin sì ń lọ síbi iṣẹ́. Ta ló máa máa lọ gbé wọn?"

Nùrẹ́nì dáwọ́ gíláàsì nínù dúró.

"Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á," Toyibat wí.

Toyibat bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà méje. Ní ìgbà kẹjọ, jíà ké bí ẹní tẹ ológbò mọ́lẹ̀, Nùrẹ́nì sì di ojú.

"Rọra, rọra, ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n gbájú mọ́ ohun tí mò ń ṣe, Bàbá Naimat."

Ọkọ̀ náà fò síwájú, ó gbọ̀n, ó sì ń lọ. Ó yí pápá náà po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i po. Nùrẹ́nì di bẹ́líìtì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń tẹ́tí sí táyà iwájú lápá ọ̀tún.